Ogójì Káàdì Tí Wọ́n Fi Sọ́wọ́ Nurul Hakim

Ẹ̀yin jámáà, ọpẹ́ ni f'Ọlọ́hun tó tún jẹ́ ká jókòó pọ̀. Àmánà, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni, ni ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́, ó sì ti rẹ̀ yín láti máa gbọ́ ọ, síbẹ̀ a ò tíì máa ṣe é. Ẹ jẹ́ n fi ìtàn gbé e kalẹ̀. Ìtàn ni o, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa wá ọkùnrin náà kiri.

Ẹ rántí Bọ́mà, ibi tí àwọn bàbá wa kan lọ nígbà ogun Hítílà? Àwọn Mùsùlùmí kan wà níbẹ̀, Rohingya lorúkọ wọn. Ìjọba ní wọn kì í ṣe ọmọ ìlú. Wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, tíṣà àgbà kan, Nurul Hakim, ni akọ̀wé. Nígbà tí ìbò ń bọ̀, òun ni wọ́n fà kalẹ̀. Ọ́fíìsì ìdìbò ní kó kọ́kọ́ fi hàn pé ọmọ ìlú làwọn èèyàn rẹ̀. Ni àwọn ará abúlé bá kó káàdì ìdánimọ̀ àtijọ́ tí ìjọba fún àwọn bàbá wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú wá fún un, ogójì.

Dildar, opó kan tí ilé rẹ̀ ti jóná, ló mú tirẹ̀ wá gbẹ̀yìn. Káàdì yẹn nìkan ni iná ò jó.

"Tíṣà, ẹ fi hàn wọ́n o, kí ẹ sì bá mi mú un padà."

"Àmánà ni, Dildar. Fọkàn balẹ̀."

Oṣù mẹ́ta ni Tíṣà fi jókòó lórí bẹ́ńṣì ọ́fíìsì yẹn, láti àárọ̀ títí di alásárì. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ibẹ̀ ní, "Kó wọn sílẹ̀. N ó kọ rìsíìtì fún ẹ, orúkọ rẹ á sì jáde láàárín àwọn tó ń díje."

Kí ló yẹ kó sọ? Ṣebí "Ẹ jẹ́ n lọ bi àwọn tó ni wọ́n" ni! Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ká má sì tan ara wa, ó ti ń rí fọ́tò ìbò ara rẹ̀ lára ògiri. Ó kó wọn sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ò jáde, wọn ò sì dá káàdì kankan padà. Nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè nílé, á ní, "Wọ́n wà lọ́fíìsì."

Kò pẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ abúlé: ẹni tó bá mú káàdì bàbá rẹ̀ wá kí Jímọ̀ tó dé, wọ́n á kọ ọ́ mọ́ ọmọ ìlú. Gbogbo wọn sáré lọ sílé Tíṣà. Rìsíìtì ló mú jáde.

Dildar ò mọ̀wé kà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ fi orúkọ bàbá mi hàn mí níbẹ̀."

Tíṣà wo rìsíìtì náà bí ẹni tí kò kà á rí. Káàdì, ogójì. Orúkọ, Nurul Hakim.

"Tiyín nìkan?"

"Tèmi nìkan ni."

Dildar ò pariwo. Ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ọn. "Ẹ jókòó, Tíṣà. Ó ti rẹ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á lára jù. Ì bá sàn kó bú u.

Ẹni tó gba káàdì yóò jẹ́jọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ẹ má rò pé mo gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tí wọ́n ní kó o ṣojú àwọn, ohun wọn wo lo ti fi gba orúkọ fún ara rẹ?

Yárábì, bó bá rẹ̀ wá níbi gbogbo, má jẹ́ kó rẹ̀ wá nídìí àmánà.

Àmín yín ò dún. Ẹ tún un ṣe.