Ọmọ tí Mo Kọ́ Kó Má Bojú Wẹ̀yìn

Ọjọ́ Sátidé ni, ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀. Aago náà dá mi lójú nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọwọ́ mi ni, láti mọ̀ bóyá ó ti tó àkókò kí àwọn ọmọ lọ mu ògì wọn. Ọdún mẹ́fà ti kọjá láti ọjọ́ náà. N kò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n fọwọ́ sí i. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà á padà. Tí mo bá fọwọ́ sí i, irọ́ tí mo pa yóò di ohun tí òfin gbà. Tí n kò bá fọwọ́ sí i, ó ṣeé ṣe kí n tú ilé kan ká, ọmọ ọdún méjìlá kan ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Warri ni wọ́n bí mi sí. Ará Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí mi, wọ́n ń tajà ní Edjeba. Nígbà tí mò ń wí yìí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mo wà nílé nítorí pé àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀. Ìjà ẹ̀yà ti ba ìlú jẹ́. Àwọn kan sá kúrò ní àdúgbò wọn, àwọn mìíràn sá wọ̀lú láti àwọn abúlé etí odò, àwọn ọmọ sì ń sọnù mọ́ òbí wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà.

Ìjọ wa dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítorí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ń gbà wọ́n sílé. Àwa ọ̀dọ́ ń lọ kọ́ wọn níwèé, à ń fọ aṣọ wọn, à ń bá wọn gbàdúrà. Bí a bá rí òbí ọmọ kan, a máa ń gbé oúnjẹ àti aṣọ lọ fún ẹbí náà títí wọn yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí tèmi bú àwọn tó ṣe é.

Díákónì obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì Ṣadé ni olórí wa. Ọmọ mẹ́jọ ló ń gbé nílé rẹ̀ ní Ugborikoko. Èmi ló fi ìwé àkọsílẹ̀ lé lọ́wọ́, nítorí pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, n kì í sì í kọ ohun tí kò bá dá mi lójú. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìwọ yìí, o lè bi òjò bóyá ó dá a lójú pé òun ń rọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Nígbà yẹn, àwọn tó dínà máa ń béèrè orúkọ. Orúkọ nìkan lè pa ènìyàn. Àwa Yorùbá kò sí nínú ìjà náà, nítorí náà wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí á kọjá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún gbogbo ọmọ tó bá wọlé wá ní orúkọ Yorùbá. Orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n kò sí níbòmíràn àfi nínú ìwé ọwọ́ mi.

Ìbùkún ni a pe ọmọ tí mò ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ gan-an síbí, nítorí pé ẹni tó bá mọ Warri yóò fi mọ ẹ̀yà rẹ̀. Obìnrin kan tó pàdé rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí wọ́n ń sá, ló fà á lé wa lọ́wọ́. Ọmọ náà sọ fún wa pé ìyá òun ti kú, pé bàbá òun ló di òun lọ́wọ́ mú, pé èrò wá já àwọn gbà.

Gbogbo àwọn ọmọ tó kù gba orúkọ tuntun. Tirẹ̀ kò tètè mọ́ ọn lára. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ àtijọ́ yẹn lójú títì, kì báà jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè, yóò yíjú wò. Ẹ̀rù ń bà wá.

Èmi ni mo ní kí á fi eré kọ́ ọ. Màá dúró lẹ́yìn rẹ̀, màá pe orúkọ àtijọ́. Tó bá yíjú, kò gba nǹkan kan. Tí kò bá yíjú, màá fún un ní bisikíìtì kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò yíjú mọ́. Mo pè é jẹ́jẹ́, mo fi ohùn ńlá pè é, mo pariwo. Kò mira. Inú mi dùn.

Ẹ̀kọ́ náà wúlò, ó yẹ kí n sọ ìyẹn pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kan tí à ń kó wọn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmọkùnrin kan tó dínà yọ orí wọ inú bọ́ọ̀sì wa, ó pe orúkọ mẹ́ta tó wọ́pọ̀ láàárín ẹ̀yà tí wọ́n ń wá. Ọ̀kan nínú wọn ni orúkọ Ìbùkún. Ọmọ náà ń wo fèrèsé. A kọjá. Mọ́mì Ṣadé sunkún ọpẹ́ títí a fi délé.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo sọ yẹn, Mọ́mì Ṣadé ti lọ kí ẹbí kan tó ti rí ọmọ wọn gbà padà. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ọkùnrin kan wá dúró lẹ́nu géètì. Ó lè tó ẹni ọdún márùndínlógójì. Ó fi aṣọ tó ti dọ̀tí di ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó ní, "Sister, good morning. Dem say una dey keep pikin."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n a kì í fa ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àyàfi tí ẹni méjì nínú ẹbí bá jọ wá.

Ó ń wo àwọn ọmọ. Wọ́n jókòó sórí ẹní ní fàràńdà, wọ́n kẹ́yìn sí wa, wọ́n ń ṣe ìṣirò. A ti fá orí gbogbo wọn nítorí làpálàpá. Ọkùnrin náà pe orúkọ kan, ó sì fi agbára pè é.

Orúkọ tó wà nínú ìwé mi ni. Ó fa ìparí rẹ̀ gùn díẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ méje yíjú. Ìbùkún kò yíjú. Mo rí i pé pẹ́ńsùlù rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin wà ní òdìkejì títì, níbi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Àwọn náà gbọ́ orúkọ ọ̀hún. Ọ̀kan dìde, ó ní, "Oga, who you dey find for there?"

Ọkùnrin náà wò mí. N kò lè sọ pé ó ń fi ojú bẹ̀ mí. Ohun tí mo rí ni pé ó wò mí, ó sì pẹ́ díẹ̀. Mo ní, "We no get that name here." Ó mi orí. Ó dá ọmọkùnrin yẹn lóhùn pé, "My brother, na work I dey find o. You get?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó lọ.

Títí débí, ẹ lè dá mi láre. Èmi náà ti gbìyànjú láti dá ara mi láre. Bí mo bá ti sọ pé ọmọ náà wà lọ́dọ̀ wa, n kò mọ ohun tí àwọn yẹn ìbá ṣe sí i, sí àwa, sí ilé náà. Ohun tó ń pa mí kì í ṣe ìyẹn.

Nígbà tí mo ṣa ìwé jọ, Ìbùkún tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná. Ó fa síkẹ́ẹ̀tì mi. Ó ní, "Antí, na my papa call me. I no turn." Ó na ọwọ́ sí mi. "Where my biscuit?"

Mo fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ìdí. Mo wá bisikíìtì, mo fún un, ó sì jẹ ẹ́ níwájú mi. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá bàbá òun máa padà wá nígbà tí eré náà bá parí. Mo ní kó lọ fọ ọwọ́.

Mo lè sáré tẹ̀ lé ọkùnrin náà. Kò tíì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó lọ, ibùdókọ̀ kò sì jìnnà. N kò lọ.

Ní ọ̀sán, Mọ́mì Ṣadé dé. Ó bọ́ bàtà, ó béèrè pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni wá?"

Mo ní, "Rárá, mà."

Ìdí tí mo fi pa irọ́ náà kéré. Òfin wa ni pé kí n kọ orúkọ àlejò àti ibi tó dé sí. N kò béèrè ọ̀kankan. Ojú tì mí, èmi tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Mo rò pé yóò padà wá lọ́jọ́ Ajé, pé n ó kọ gbogbo rẹ̀ dáadáa nígbà náà. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sí abẹ́ ọjọ́ yẹn pé: kò sí ẹni tó wá.

Kò padà wá lọ́jọ́ Ajé. Kò padà wá mọ́.

Ìbùkún béèrè lọ́wọ́ mi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. N kò mọ ìdí tí kò fi sọ fún ẹlòmíràn. Ó lè jẹ́ pé ó rò pé eré náà kò tíì parí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó kí ó kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà, ibikíbi tó bá wà. Mọ́mì Ṣadé ní, "Ọmọ yìí ti fìwà jọ ẹ́ jù. Kì í sọ̀rọ̀ mọ́."

Nígbà tí ọdún yí, ẹgbẹ́ pinnu pé àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò wá béèrè yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn tọkọtaya tó fẹ́ tọ́ wọn. Ìwé mi ni wọ́n wò. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń padà sí Abẹ́òkúta, mú Ìbùkún lọ. Ènìyàn rere ni wọ́n. Mo ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń pè wọ́n ní Dádì àti Mọ́mì, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dáa ju tèmi lọ.

Ìgbà kejì tí mo lọ, mo bá a nínú àgbàlá, ó kẹ́yìn sí mi. Mo pe Ìbùkún. Kò dáhùn. Mo tún pè é. Kò yíjú títí mo fi dé iwájú rẹ̀. Ìyá tó gbà á tọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ẹ má bínú. A ti mú un lọ fún àyẹ̀wò etí. Wọ́n ní etí rẹ̀ dá ṣáṣá."

Mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ mi lọ́dún tó kọjá, mo sì padà sí Warri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó ti abúlé tí ọmọ náà dárúkọ wá. Oṣù méjì sẹ́yìn, mo rí ìyá bàbá rẹ̀ ní Ugbolokposo. Ó ń yan ẹja tà níwájú yàrá kan. Mo sọ fún un pé mò ń ṣe ìwádìí lórí àwọn tí ìjà lé kúrò nílé. Irọ́ mìíràn nìyẹn.

Ó sọ̀rọ̀ fàlàlà. Ó ní ọmọ òun rí ọmọ rẹ̀ ní Ugborikoko kí bàbá náà fúnra rẹ̀ tó sọnù. Ó ní, "E call am. Seven pikin turn, one no turn. E laugh tell me say, Mama, na that one."

Ó ní inú ọmọ òun dùn, pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti kọ́ ọmọ náà lọ́gbọ́n. Wọ́n ní ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ wá, nítorí náà ó padà sí abúlé láti wá mú òun. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbéra, ó lọ wá epo tí wọn yóò fi wa ọkọ̀ ojú omi. Ìbọn ń dún lórí omi lọ́jọ́ náà. Kò padà wá. Kò sí ẹni tó rí òkú rẹ̀, nítorí náà n kò lè kọ ọ́ pé ó ti kú.

Ìyá àgbà náà dá wá sí Ugborikoko lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń pe orúkọ ọmọ náà láti ilé dé ilé. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan ni gbogbo èyí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́, nítorí pé èmi nìkan ni mo rò pé mo mọ̀ pé ọmọ méje ló yíjú.

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi nísinsìnyí ti ilé ẹjọ́ ni. Tọkọtaya yẹn fẹ́ kí Ìbùkún di ọmọ wọn lábẹ́ òfin. Wọ́n fẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ jẹ́rìí pé kò sí ìbátan kankan tó wá béèrè rẹ̀ rí. Mọ́mì Ṣadé pè mí lórí fóònù. "Ṣáà fọwọ́ sí i, ọmọ mi. Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́ fúnra rẹ?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún ilé ẹjọ́, kí ọmọ tó ti gbàgbé tún bẹ̀rẹ̀ sí í rántí? Àbí kò gbàgbé ni? Ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀, àwọn tó ń tọ́ ọ ni, tàbí ìyá àgbà, tàbí ọmọ náà fúnra rẹ̀? Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn pẹ̀lú.

Mo lọ sí Ugbolokposo lánàá láti jẹ́wọ́ fún ìyá àgbà náà. Ó ti mọ̀ mí. Ó ní, "Madam Survey, you don come again? Siddon, fan this fire for me." Mo jókòó, mo fẹ́ iná náà fún bíi wákàtí kan. N kò lè sọ ọ́.

N kò mọ ibi tí bàbá ọmọ náà wà. N kò mọ ohun tí Ìbùkún rántí. Èyí tí mo fi ojú ara mi rí ni pé lánàá, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá àgbà náà wà láàyè, ara rẹ̀ le, ó ń bu ẹja fún àwọn ọmọ aládùúgbò, kò sì sí èyí tó bá a tan nínú wọn.