Àtẹ̀gùn Àjà Kẹrin

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe nínú Àbújá yìí. Kubwa níbí náà la ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ láàárọ̀... Jókòó, Tèmi ọmọ mi. Gbé tíṣáàtì báńkì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. O ní báńkì yín ní kí gbogbo yín wá rìn ní Sátidé, nítorí ìlera yín? Ìlera. Hmm. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa.

Mo lọ́rẹ̀ẹ́ kan, Bọ́lá. Ará Ìjẹ̀bú ni. Àjà kẹrin la wà, tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ẹlẹ́rìn-ín èèyàn! Bí mo bá ti wọlé báyìí, á ní, "Ará Èkìtì, ó tún ti jẹ iyán wá síbi iṣẹ́!" Gbogbo ọ́fíìsì á bú sẹ́rìn-ín.

Lífítì ilé náà ló bàjẹ́, ẹ̀rọ tó ń gbé wa gòkè. Wọ́n ní àwọn á tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ di oṣù... Ibẹ̀ la wà tí ọ̀gá tuntun fi dé. Ó ní òun ti rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́ nílùú òyìnbó. Ló bá dá ètò ìlera sílẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a ó máa fò sókè sódò nínú ọgbà. Kò burú o, mi ò ní purọ́, àwa náà gbádùn ẹ̀. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì kan wá, ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wa wò. Nígbà tó kan Bọ́lá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má gun àtẹ̀gùn yìí mọ́. Ẹ ní kí ọ̀gá yín gbé yín sísàlẹ̀ ná."

A jọ lọ bá ọ̀gá ni. Ṣé o mọ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ? Ó rẹ́rìn-ín! Ó ní, "Màdáàmù, àtẹ̀gùn gan-an loògùn yín."

Mo ní, "Ọ̀gá, nọ́ọ̀sì tí ẹ̀yin fúnra yín pè ló sọ ọ́."

Ó ní ta ló fi èmi ṣe lọ́yà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n lẹ pósítà mọ́ ara lífítì tó ti kú: "Gun àtẹ̀gùn, kí ẹ̀mí rẹ lè gùn." Gbọ́ o! Lífítì tí wọn ò tún ṣe ló di ètò ìlera.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, wọn ò gbọ́ ètò ìlera rí láyé wọn. Àmọ́ bí alágbàṣe bá ní ara òun ò yá lóko, wọ́n á ní, "Lọ jókòó sábẹ́ igi. Oko ò níí sá lọ."

Bọ́lá ń gùn ún. Á di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, á máa mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀... Èmi á bá a gbé báàgì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a dé àjà kẹta, ó ní, "Dúpẹ́, dúró ná..." Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ẹnu náà fi wọ́. Ó rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo figbe ta. Sani, awakọ̀ ọ̀gá, ló sáré gòkè. "Kai! Mama! Sànnu, Mama, sànnu!" Òun àtàwọn tó ń gbálẹ̀ ló gbé e sórí àga, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá ńkọ́? Wọ́n ní ó wà nípàdé.

Ẹ̀gbà ni. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Zuba. Ọ̀gá kó wa lẹ́yìn, a lọ kí i, tòun ti onífọ́tò. Apẹ̀rẹ̀ èso ni wọ́n gbé lọ. Wọ́n gbé èso lọ sí Zuba! Níbi tí ọsàn ti ń jẹrà lẹ́bàá títì! Wọ́n ní kí Bọ́lá fọwọ́ kan apẹ̀rẹ̀, káwọn fi ya fọ́tò. Ó fi ọwọ́ òsì tì í dà nù. Ọsàn ń yí gbirigbiri kiri ilẹ̀. Ó wojú mi, ó wá ọ̀rọ̀ náà títí. Ó ní, "Lí... lífítì ńkọ́?"

Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní, "Bọ́lá, wọ́n ti tún un ṣe. Mínísítà fẹ́ wá ṣàbẹ̀wò."

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tí mo mọ̀ mọ́ ọn.

Ọdún yẹn ò parí tá a fi sin ín ní Ìjẹ̀bú. Wọ́n fún ọ̀gá ní àmì ẹ̀yẹ nítorí ètò ìlera. Mo wà níbẹ̀. Mi ò pàtẹ́wọ́.

Èmi ò ní kó o má rìn o, Tèmi. Rìn, ara rẹ lo rìn fún. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ara yẹn bá ní kó o jókòó, jókòó. Bí ọ̀gá ń pè ọ́, jẹ́ kó máa pè. Ọmọge kan ni wọ́n fi sáyè Bọ́lá. Ọmọ dáadáa ni, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò bi mí rí pé ta ló ń jókòó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.