Ọ̀rọ̀ tí Mo Bá Sójà Sọ Lójú Dagogo

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyàwó mi kú láì gbọ́ ọ, àwọn ọmọ mi kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Mo ti gbé e sínú fún bí ogún ọdún, mo sì rò pé màá gbé e wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n ìdílé kan fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, wọ́n sì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ mọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Mo lọ sí yunifásítì n'Íbàdàn nígbà tí wọ́n ṣì ń bá akẹ́kọ̀ọ́ fọ aṣọ, tí a sì ń jẹ adìẹ lọ́jọ́ Àìkú. Ayé dùn nígbà náà. Mo máa ń dìde nínú ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, màá sọ̀rọ̀ nípa òtítọ́ àti ìgboyà títí wọn yóò fi pàtẹ́wọ́. Mo rò pé bí ọjọ́ ìdánwò bá dé, èmi ni màá kọ́kọ́ jáde síwájú.

Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi dé Pọ́tákọ́ọ̀tù. Yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni mo ti ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ.

Àwọn tó gbé ìlú náà lásìkò tí mò ń sọ yìí kò ní gbàgbé. Àwọn ọmọ tó ní ìbọn ń bá ara wọn jà, àwọn sójà sì ń bá wọn jà. A lè wà nídìí oúnjẹ kí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti apá etí omi. Ìwé ìròyìn kò pè é ní ogun. Àwa tí a ń kó àwọn ọmọ wa sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ ohun tí à ń pè é.

Dagogo ló ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ wa. Ará Amadi-Ama létí omi ni, ó tó ẹni ogójì ọdún nígbà náà. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni, wọn kò tíì fún un ní káàdì ìdánimọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú, fíríìjì tí a ń kó ẹ̀jẹ̀ sí yóò gbóná, ẹ̀jẹ̀ yóò bàjẹ́, ẹni tí ìbọn bà àti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ yóò sì kú. Ọ̀rọ̀ yìí yé Dagogo ju àwa tí a kàwé lọ.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jókòó sílé. Èmi náà ìbá jókòó, Dagogo ni kò jẹ́. Àràárọ̀ ló máa ń yà sí ẹnu géètì mi.

"Baba Lab! You never baff?"

Màá ní ara mi kò yá.

"Body go well for road. If me and you no go, who go on gen? Abi na soldier go test the blood?"

Yóò rẹ́rìn-ín, èmi náà yóò rẹ́rìn-ín, màá sì wọ bàtà. Bí a bá dé ibi tí àwọn sójà dábùú ọ̀nà, gbogbo èèyàn ló ní láti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí wọ́n máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Dagogo máa ń sọ pé apá òun ti lágbára débi pé òun lè gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, epo dísù wa ti ń tán lọ. Èmi ni mo ní kí Dagogo bá wa wá díẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èmi ni mo rán an. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo méjì wá sílé mi, a sì jọ jáde.

A kò mọ̀ pé wọ́n ti yìnbọn pa sójà kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dábùú ọ̀nà pọ́n. Wọ́n rí epo, wọ́n béèrè ibi tí Dagogo ti ń bọ̀, ó ní Amadi-Ama. Ìgbátí ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n ní ó ń gbé epo lọ fún ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ oníbọn. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀.

"Officer, na hospital we dey go," ló wí. "Ask Baba."

Sójà kan gba káàdì mi. Ó ka orúkọ mi, ó sì bọ́ sí Yorùbá.

"Bàbá, ọmọ ibo ni yín?"

"Ògbómọ̀ṣọ́."

"Háà, ìlú ìyá mi nìyẹn! Kí lẹ wá ń ṣe nínú wàhálà yìí? Ẹ̀yin àti ọkùnrin yìí lẹ jọ ń bọ̀ ni?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á béèrè ẹni tó rán an. Wọ́n á sì mú èmi náà.

"Rárá o, ọmọ mi. Ojú ọ̀nà la ti pàdé. N kò mọ̀ ọ́n rí."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ẹ máa lọ, Bàbá. Ẹ má bojú wẹ̀yìn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Dagogo kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ohun tó rí ni pé mo ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, mo ń mi orí, sójà sì ń pè mí ní Bàbá. Ó rò pé mo ń bá òun bẹ̀bẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń kọjá lára rẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Thank you, Baba."

Mo kọjá. N kò bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi tì í mọ́lé. Ojoojúmọ́ nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo lè padà lọ sọ òtítọ́, n kò sì lọ. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi. Mo sọ fún un pé ohun tí mo lè sọ, mo ti sọ ọ́ fún wọn. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Nígbà tí Dagogo jáde, etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ran mọ́, ó sì ń fa ẹsẹ̀ kan. Ó wá síbi iṣẹ́, ó dì mọ́ mi lójú gbogbo wọn.

"Na this man save me," ló ń wí. "If no be im mouth, dem for waste me that morning."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dorí kodò, wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, n kò pa iṣẹ́ jẹ ní ọjọ́ kan, bó ti wù kí ìbọn dún tó. Wọ́n ní mo láyà. Ìtìjú ni. N kò lè jókòó sílé pẹ̀lú ara mi.

Ọdún gorí ọdún. Mo fẹ̀yìn tì, mo kọ́ ilé kékeré kan sí ọ̀nà Aluu, nítòsí Pọ́tákọ́ọ̀tù. Gbogbo ọdún Kérésì ni ẹja gbígbẹ ń ti ilé Dagogo wá. Ìyàwó mi máa ń fi ṣe ọbẹ̀, yóò ní ọkọ òun ṣe oore. Mo máa ń jẹ ẹ́.

Ní oṣù tó kọjá, Ibinabo, ọmọbìnrin Dagogo, wá sílé mi. Ó ṣe agùnbánirọ̀ ní Ìsẹ́yìn, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Ó ní kíndìnrín bàbá òun ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn sì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́ta ọdún rẹ̀ nígbà tó ṣì lè jókòó. Wọ́n ń tẹ ìwé kékeré kan jáde fún un.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ sọ fún sójà yẹn gan-an? Daddy ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n èmi gbọ́. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ ni mo fẹ́ kọ ọ́."

Ó mú bírò dání. Àwa méjì péré ló wà ní pálọ̀. Mo la ẹnu kí n sọ òtítọ́, ohun tó sì jáde nìyí:

"Mo ní, 'Ọmọ mi, èmi ni mo rán an. Bí o bá máa mú un, mú àwa méjèèjì.'"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò mọ̀ pé ohun tó yẹ kí n sọ lọ́jọ́ náà ni, àti pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ìgbà tí mo ti sọ ọ́ nínú ọkàn mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n bá àwọn fi àmì ohùn sí Yorùbá ibẹ̀ nítorí pé ọ̀mọ̀wé ni mí. Ó fi ohùn bàbá rẹ̀ tó gbà sílẹ̀ lórí fóònù tì í. Dagogo ń kọ́ gbólóhùn náà, kó lè fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Èémí rẹ̀ kò tó. "Mú àwa méjèèjì," ló ń wí, ó sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ibinabo ń tún un ṣe fún un. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ bá a lórí ibùsùn rẹ̀ kí n gba ìtùnú yìí lọ́wọ́ rẹ̀, kí èmi lè rí oorun sùn? Àbí kí n jókòó síwájú níbi ìdúpẹ́ náà, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kí n sì tún dorí kodò?

Ẹni tó bá ti ṣe irú èyí rí, tó sì ti rí ọ̀nà jáde, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ má bò mí láṣìírí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kíákíá. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń mí.