Apá Fíìmù Tí A Ò Dúró Wò

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá mi bẹ̀bẹ̀. Ẹjọ́ náà tọ́. Mo kàn fẹ́ sọ ọ̀nà tí mo gbà débí, mo sì máa sọ ọ́ tán.

Télọ̀ ni mí ní Imeke. Fíìmù kan ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú. Kóòtù funfun ni àwọn jàǹdùkú inú rẹ̀ ń wọ̀, wọ́n ń fi ìbọn gbẹ̀san lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó di apá kejì, olórí wọn lọ jókòó ti ìyá ọ̀tá rẹ̀, wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀. Ni ariwo bá gba gbogbo ilé fíìmù.

"Sún un síwájú jàre! Ṣé ìpàdé ẹbí la wá wò ni?"

Èmi gan-an ni mo pariwo jù. Onífíìmù sì sún un.

Láìpẹ́, ìyá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan kó aṣọ funfun wá fún mi rán. Mo fi rán kóòtù fún ara mi, mo sọ fún un pé eku ti jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Kóòtù yẹn ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ìrẹsì fàyàwọ́ gba ìlú Kankon rí lọ́rùn mi tí wọ́n fi ń pè mí ní Ọ̀gá. Orí mi wú. Mo bá wọn wọ òwò fàyàwọ́ náà, mo sì fa Mautin àbúrò mi mọ́ra.

Setonji, ọ̀rẹ́ wa, ló tú àṣírí wa fún àwọn aṣọ́bodè. Bí wọ́n ṣe dé, Mautin bẹ́ sómi. Òkú rẹ̀ la gbé jáde.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Setonji àti ìyá rẹ̀ wá sílé wa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Nọ̀ví, ọmọ ìyá mi, wọ́n mú mi, ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi sọ. Dákun."

Ìyá mi sunkún títí. Lẹ́yìn náà ó bu omi, ó fún Setonji mu, òun náà mu, ó wá gbé ìyókù sí mi. Bí a ṣe ń parí ìjà nílé wa nìyẹn. Ẹni tó bá mu ún ti dárí jì.

"Mu ún, ọmọ mi. Ẹnì kan ti kú. Kó má di méjì."

"Ẹ mu tiyín, Màmá. Tèmi wà níbòmíràn."

Ọ̀rọ̀ inú fíìmù ni mo sọ yẹn. Ó dùn lẹ́nu mi, Ọlọ́run ló mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo wọ kóòtù mi, mo lọ bá Setonji létí òkun níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O wá! Mo mọ̀ pé wàá wá."

Ó dìde kúrò lórí àpótí kí n lè jókòó. Mo yìnbọn fún un.

Lẹ́wọ̀n níbí, wọ́dà kan fi fíìmù yẹn hàn wá. Kò sẹ́ni tó lè sún un síwájú. Ká sòótọ́, apá kejì rẹ̀ ń falẹ̀, orin sì ti pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ ni jàǹdùkú náà ti sọ ìbọn sílẹ̀ níwájú ìyá arúgbó yẹn, tó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún. Mi ò mọ̀ rí pé bó ṣe parí nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá Setonji wá wò mí. Ó mu omi inú ike tó mú dání, ó na ìyókù sí mi.

"Ìyá rẹ fún ọmọ mi ní tirẹ̀. Gbà."

Mo gbà á, mo mu ún tán.

Omi yẹn kò ní já okùn ọrùn mi, mo mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mo ń bá wí. Bí wọ́n bá gbé omi sí yín, ẹ má wo ẹni tó ń wò yín, ẹ má wá ọ̀rọ̀ dídùn kankan sọ. Ẹ mu ún.