Omi Tí O Dà Nù Lójú Ìbídùn

Gbé omi yẹn padà, ìyàwó wa, n kò mu! Omi kẹ̀? Nínú ilé yìí? Ìwọ Jayéọlá, má sì fi àga lọ̀ mí, n kò wá jókòó. Láti Ìlaró ni mo ti gun ọ̀kadà dé Aiyétòrò, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí, kí n lè wò ọ́ lójú kí n bi ọ́ léèrè: ìwọ tí a fi ṣe olórí ẹbí, ta ló ní kí o da omi bàbá wa nù lójú Ìbídùn ọmọ ọmọ mi?

Àbí n kò sí nílé bàbá wa ní Ìlaró lánàá ni? Èmi tí mo pọn omi náà! Èmi ni mo fọ igbá, èmi ni mo gbé e lé ọ lọ́wọ́. Gbogbo ọmọ Ọdẹkúnlé ló mọ̀ pé bí ìrántí bàbá bá pé ọdún, ọmọ tó bá ń lọ sí ìrìn-àjò tàbí ilé-ìwé á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí a sin ín sí, olórí ẹbí á fi oríkì ọmọ náà pè é, á fún un lómi tútù mu. Ẹni tí a kọ́kọ́ bí ni a kọ́kọ́ ń pè. Àwọn Mùsùlùmí wa ń mu ún, àwọn onígbàgbọ́ wa ń mu ún, kò sẹ́ni tó rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ rí. Ìwọ wá pe Nathaniel! Nathaniel tí Ìbídùn pọ̀n dàgbà! O pe Roheemat, tí òun náà kéré sí i, tẹ̀ lé e. Ọmọ mi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń retí. O wá dorí igbá kodò sílẹ̀. O ní omi ti tán fún ẹni tó gba táàdì kíláàsì, pé dókítà apààyàn ni irú wọn ń dà.

Yéè! Wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ tó ń gbómi kiri yìí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Kí lo wí? Òótọ́ lo sọ? Ta ló ní irọ́ ni? Mo ti bá ọmọ náà wí ṣáájú rẹ. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, eré ló ṣe. Fóònù, òde, ọ̀rẹ́kùnrin, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì fi ẹnu mi yìí bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn kíndìnrín dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, nígbà tí Ọlábímpé ọmọ mi ń gbẹ bí ewé, ta ló ń gbé e lọ gbé e bọ̀ ní ilé-ìwòsàn Abẹ́òkúta nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì? Ìwọ ni? Nathaniel ni? A sin Ọlábímpé, erùpẹ̀ kò tíì gbẹ, ọmọ ti wọ gbọ̀ngàn ìdánwò. Bó ṣe gba táàdì kíláàsì nìyẹn. Kò jalè.

Ó ní dókítà lòun á dà. Wọ́n ní ìwé tó gbà kò lè gbé e débẹ̀. Ó ní kò burú, òun á pa ìwé náà tì, òun á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó jókòó ṣe JAMB láàárín àwọn ọmọ tó ń pè é ní àǹtí. Ó fìdí rẹmi. Ó tún ṣe é. Ó yege! Wọ́n gbà á, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń wọlé. Ṣé o mọ ohun tó ṣe nígbà tó dìde níwájú rẹ lánàá? Ó kó àwọn ìwé rẹ̀ fún Aishat ará ilé kejì. Ó ní òun ò lọ mọ́, òun á lọ bá wọn ta aṣọ òkìrìkà ní Ìdí-Ìrókò. Kò sunkún. Ẹkún ni ìbá sun, ọkàn mi ìbá balẹ̀ díẹ̀. Ó kàn ní, “Màmá, bí ẹni tó mọ̀ mí bá lè da omi mi nù, kí ni àwọn tí kò mọ̀ mí yóò ṣe?” Dá a lóhùn, ọ̀gá tíṣà! Dá a lóhùn!

Eré lo fi ṣe? Háà. Bí a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀tún tìrẹ dà?

Ta ló ṣe ìdánwò tíṣà Gíréèdì Tuu lẹ́ẹ̀mẹta nínú ilé wa? Ta ló sá lọ sí Ìwòyè-Kétu, tó lọ sápamọ́ sí oko àwọn ará ìyá wa, nígbà tí èsì ẹlẹ́ẹ̀kejì jáde? Èmi ni wọ́n rán lọ mú ọ wálé, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí mo yege ìwé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n ní kí n jókòó sílé kí ọkùnrin lè ráyè kàwé! Ọjọ́ omi pé, gbogbo ilé rò pé bàbá wa, tó ń fún wa lómi bàbá tirẹ̀ nígbà náà, á fò ọ́. Ó pè ọ́ sí ipò rẹ, ṣáájú Husain àbúrò rẹ tó ti yege. O mu omi náà títí ó fi ń kán sí ọ láyà. Bàbá ní ìwé ló ń to ọmọ nílé-ìwé; nílé, ìkúnlẹ̀ ìyá ló ń tò wọ́n. O ti gbàgbé? Èmi kò gbàgbé.

Má wolẹ̀. Èmi ni kí o wò.

Láti orí Málọmọ́ tó kọ́kọ́ dá oko sétí odò Yewa, títí dé orí ọmọ tí a bí lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi nìkan ló kù tó mọ orúkọ wa lẹ́sẹẹsẹ. Èmi ni mo ń kà wọ́n bí òkú bá sùn nílé wa. Ọjọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé bá ọ, èmi ni wọ́n á ránṣẹ́ sí. Bí mo bá ti lọ, ẹni tí mo kọ́ ni wọ́n á pè. Ìbídùn ni mo ń kọ́.

Nítorí náà, kí ọjọ́ Ajé tó mọ́, wá sí Ìlaró. Fọwọ́ ara rẹ pọn omi, n kò ní bá ọ pọn ọ́n. Kó gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín dání. Fi oríkì rẹ̀ pè é sókè: Àṣìkẹ́, ọmọ Ọdẹkúnlé tó pa ẹfọ̀n létí Yewa. Kí ó mu ún níwájú wọn.

Bí o kò bá wá, mo fi ìkúnlẹ̀ ìyá tó bí èmi àtìwọ búra: lọ́jọ́ náà, tí òkú rẹ bá wà ní gbọọrọ, a ó ka Málọmọ́, a ó ka Ọdẹkúnlé, a ó ka bàbá wa, a ó ka èmi, a ó dé ibi tó yẹ kí a ti dárúkọ rẹ, a ó sì ka Husain.