Ìyàwó Tí Wọ́n Fẹ́ Pè Ní Àbúrò

Ọlọ́hun Ọba tó ni Ìwó, tó ni Kánádà, Òun ni ọpẹ́ yẹ. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó síbí ṣùgbọ́n tí ọkàn yín ti wọ bàálù, ẹ súnmọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò gùn: irọ́ kì í ṣe físà. Ẹni tó bá fi irọ́ wọ̀lú, irọ́ náà ni yóò máa bá gbé níbẹ̀.

Ṣẹ́fíù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ajórin ni, ó ń fi iná lẹ irin mọ́ irin, ọmọ Ìwó níbí. Èmi ni mo so yìgì òun àti Múínátù. Rọ́fíátù ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀ nígbà tí Ṣẹ́fíù rí ìwé iṣẹ́ gbà, ó di Kánádà. Àmọ́ ìwé iṣẹ́ ní gbèdéke. Bó bá parí tí o kò rí òmíràn, ilé yá.

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Gàníyù ọmọ Ìṣẹ́yìn, ló ń gbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń gbé ọ̀nà yẹ̀ wò.

Gàníyù ní, "Tí o bá fẹ́ pẹ́ nílùú yìí, ọ̀nà iṣẹ́ wà. Ọ̀gá rẹ ni yóò dúró fún ọ, wàá ṣe ìdánwò èdè wọn, wàá sì dúró títí ẹsẹ̀ rẹ yóò fi wú. Ọ̀nà ilé ìwé wà, owó rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Ọ̀nà ìsádi wà, kí o ní wọ́n fẹ́ pa ọ́ nílé."

"Ta ló fẹ́ pa mí n'Ìwó?"

"Ìyẹn ni mo ṣe ní kí o gba ọ̀nà tí mo gbà. Fẹ́ ọmọ onílùú. Orí ìwé lásán ni. Mo sọ fún wọn pé n kò gbéyàwó rí, pé àbúrò mi ni Sàrátù, ìyàwó mi tó wà nílé. Ìwé ìgbélùú mi rèé lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú Ṣẹ́fíù dùn. Lójú ẹsẹ̀ ló pe ìyàwó rẹ̀.

"Múínátù, mo ti rí ọ̀nà. Màá fẹ́ ọmọ onílùú lórí ìwé lásán, a kàn máa sọ pé àbúrò mi ni ọ́ ni."

"Rọ́fíátù ńkọ́?"

"Ọmọ àbúrò mi."

Múínátù ní, "Bàbá Rọ́fíátù, àwọn tó jẹ́rìí sí yìgì wa ṣì wà láyé. Tí mo bá wá dé ọ̀hún lọ́jọ́ kan, yàrá ta ni màá sùn? Tí ọmọ yìí bá pè yín ní bàbá níwájú wọn, ṣé kí n na ọmọ ni?"

Ẹ̀yin ọkùnrin, kí lẹ fẹ́ fi dáhùn? Ẹ̀yin ìyá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ ọ́ sínú pé, "Álúfà, ṣebí Ànábì Ìbúráímù náà pe ìyàwó rẹ̀ ní arábìnrin." Ọba tó ń fi ipá gba ìyàwó èèyàn ló wà níwájú Ànábì. Ìwọ tí o jẹun yó, tí o sùn dáadáa, ta ló yọ idà sí ọ?

Ṣẹ́fíù bínú, ó pa fóònù. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó tún pè. Ṣùgbọ́n bó bá ti kírun tán, ọ̀rọ̀ obìnrin yìí a tún padà sí i lọ́kàn. Nígbẹ̀yìn ó pè é, ó ní, "Ọ̀nà tó jìn ni màá gbà. Bá mi ṣe sùúrù."

Ọ̀nà náà sì jìn. Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀, kò dúró fún un. Ó kó ẹrù lọ sí ìlú kékeré kan lókè àríwá, níbi tí wọ́n ti ń wá ajórin lójú méjèèjì, tí òtútù ibẹ̀ ń géni jẹ. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò èdè. Ó tún un ṣe. Gàníyù a máa pè é fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ajórin, ṣé o kò tíì di yìnyín?" Ṣùgbọ́n ọ̀gá tuntun yìí rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó fara mọ́ ọn, ó dúró fún un. Ó wá di ọjọ́ kan, ìwé ìgbélùú dé: Ṣẹ́fíù, Múínátù aya rẹ̀, Rọ́fíátù ọmọ rẹ̀. Ẹ bá mi gbé Ọlọ́hun ga, Alláàhù Àkùbárù. Ìta gbangba ló ti forí kanlẹ̀ dúpẹ́, kò tilẹ̀ mọ̀ pé inú yìnyín ni iwájú orí òun wà.

Ìlú tí Gàníyù ń gbé ni bàálù wọn balẹ̀ sí, Gàníyù ló sì fi mọ́tò gbé Ṣẹ́fíù lọ pàdé wọn. Rọ́fíátù ti dàgbà. Bó ṣe rí bàbá rẹ̀ báyìí, ó já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ń sáré bọ̀, àwọn òyìnbó ń yà fún un lọ́nà. Ṣẹ́fíù gbé e sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Múínátù fẹ́ kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀, ọkọ kò jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n máa wo Gàníyù, ó ti kọjú sí ògiri. Inú ọkọ̀ ló tó sọ̀rọ̀.

"Sàrátù pè mí lánàá. Ó ní ìgbà wo ni òun náà máa wá. Ṣẹ́fíù, àbúrò mi ni ìwé mi pè é."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Gàníyù pe èmi gan-an, ó sì yọ̀ǹda kí n sọ ọ́ fún yín. Ó ní, "Álúfà, ṣé túúbá mi lè gbà?" Mo ní ilẹ̀kùn túúbá kò tì, ṣùgbọ́n ibi tí o ti pa irọ́, ibẹ̀ ni wàá ti kó o kúrò, bí wọ́n tilẹ̀ máa gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ.

Ó ní, "Màá lọ bá àwọn tó fún mi níwèé, màá sọ òótọ́ fún wọn."

Sàrátù ti gbọ́. Ó ní bó bá jẹ́ ilé ni wọ́n dá a padà sí, òun ti gbá yàrá sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀nà tí èèyàn fi ń gbé ìlú onílùú pọ̀. Ẹ yẹ wọ́n wò, ẹ bèèrè, ẹ kọ́ṣẹ́, ẹ kọ́ èdè. Èyí tó bá ní kí o sẹ́ ẹni tí Ọlọ́hun fi fún ọ, yáa fi í sílẹ̀.

Ọlọ́hun, má jẹ́ kí a ta ohun tí a ní nítorí ohun tí à ń wá. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ, fi ọ̀nà haláálì hàn wọ́n. Àwọn tó ti ṣìnà, fún wọn lẹ́sẹ̀ tí wọn yóò fi padà. Àmín.