Ẹsẹ̀ Mi Jiná, Wọ́n Gé ti Ìyá Fúnmi

Ẹ bá mi pariwo ògo fún Jésù! Ẹ tún pariwo! Ẹ̀yin ará! Mo fẹ́ dúpẹ́, ojú sì ń tì mí.

Ẹ mọ̀ mí sí Tíṣà Àjọkẹ́ ní Inísà níbí. Ẹ mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ń ṣe mí. Bàtà ló bó mi lẹ́sẹ̀, mo ní kò tó nǹkan. Ó di egbò, ó ń rùn. Ọmọ mi gbé mi lọ sí ọsibítù n'Íkìrun. Dókítà mirí. Ó ní, “Màmá, bí egbò yìí kò bá yí padà, a máa gé ẹsẹ̀ yìí o.” Mo ké, “Jésù, gbà mí!”

Ìyá Fúnmi, aránṣọ kan láti Òkukù, ló wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi. Àtọ̀gbẹ, egbò ẹsẹ̀, bíi tèmi gẹ́lẹ́. Bí egbò bá ń ta mí, ó máa ń di ọwọ́ mi mú, òun tí tirẹ̀ le jù.

Bẹ́ẹ̀ ni apòògùn kan dé, Adéọlá, ọmọ Ìbà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe báńdéèjì tuntun tí wọ́n fi oyin àti oògùn sí. Ó ní, “Oògùn inú rẹ̀ á máa jáde sójú egbò díẹ̀díẹ̀, kí awọ tuntun lè hù. A ṣì ń dán an wò o. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ.” Àwa méjèèjì la ní a fẹ́.

Wọ́n yẹ ẹsẹ̀ wa wò. Adéọlá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Fúnmi. “Màmá, ẹ má bínú. Tiyín ti wọ egungun. Èyí ò lè ká a.” Ẹ̀yin ará, inú mi dùn pé kì í ṣe èmi! Olúwa, ṣàánú mi!

Báńdéèjì àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Bí wọ́n ṣe ń ṣí i, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, mo ń ké. Adéọlá ní, “Ó lẹ̀, àbí?” Mo ní, “Ó lẹ̀ pátápátá, ọmọ mi!” Ó lọ tún un ṣe. Èyí tó gbé padà wá rọ̀, ó tutù. Ẹran pupa yọ. Awọ ń hù láti etí egbò wọnú. Dókítà rẹ́rìn-ín: “Màmá, ẹsẹ̀ yín bọ́ lọ́wọ́ gígé o!” Halelúyà!

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gé ẹsẹ̀ Ìyá Fúnmi. Mo kọjú sí ògiri. Mi ò lè dúpẹ́ sókè. Mo délé, pásítọ̀ ní kí n wá jẹ́rìí, mo ń sá.

Lánàá, mo lọ bá a ní Òkukù. Mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún. Ó ní, “Tíṣà, ẹ dìde. Ṣé ẹsẹ̀ mi ni wọ́n yọ fún yín ni? Èmi ni mo pẹ́ nílé kí n tó lọ ọsibítù. Ẹ lọ jẹ́rìí, kí ẹlòmíì má baà pẹ́ bíi tèmi.”

Ẹ̀bi yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Baba, o ṣeun! Dókítà, Adéọlá, ẹ ṣeun! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìró bo egbò mọ́lẹ̀, ẹ tètè lọ ọsibítù. Ọlọ́run tó rí mi ń wo ẹ̀yin náà. Bí ẹ bá sì ń gbàdúrà fún mi, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ Ìyá Fúnmi.